Ta Ló Yẹ Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Mú? Èsì fún Ọmọlẹ́yìn Steelers Kan

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Pittsburgh, ìlú Steelers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (NFL), ló kọ̀wé sí mi nípa adìlémú wọn, ìyẹn àwọn tó ń dènà kí ẹgbẹ́ kejì má gba àmì wọlé. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀, àlàyé inú àkámọ́ sì jẹ́ tèmi:

"Kóòṣì, ọdún 2009 ni mo dé ìlú yìí, ọdún tí Steelers gba ife kẹfà. Ọwọ́ adìlémú tí mo bá nílẹ̀, ògiri ni. Àfi bí gbogbo wọn ṣe dàgbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn 2010, ó gbà wá tó ọdún mẹ́jọ kí adìlémú wa tó padà máa ba èèyàn lẹ́rù. Seattle tún tiwọn kọ́ láàárín ọdún mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní cornerback (adìlémú ẹ̀yìn tó ń ṣọ́ àwọn tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí) ló yẹ ká máa kọ́kọ́ mú nínú draft (ìpín agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dọọdún), torí òkè orí wa ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù gbà. Èmi ní àwọn sìgìdì iwájú (àwọn ọkùnrin ńlá tó ń fi ara kọ ìlà ẹgbẹ́ kejì) ni. Ta ló jàre? Ọmọ mi tún ní kí n bi yín: àwọn tí wọ́n ń mú ní ìparí draft, ṣé wọ́n tiẹ̀ wúlò?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín náà ní ìpín díẹ̀ nínú àre yẹn, Seattle tí ẹ mẹ́nu bà yìí ló sì máa gbè é lẹ́sẹ̀.

Fún ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló mọ̀: nínú draft, ẹgbẹ́ 32 ló ń pín àwọn ọmọ tó ń ti yunifásítì bọ̀, ní ìpele méje. Ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa kéré jù ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú, ẹni tó gba ife ló ń mú gbẹ̀yìn. Àdéhùn ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà ń tọwọ́ bọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi mú un ló sì ń pinnu owó rẹ̀. Àwọn ti ìpele kìíní nìkan ni ẹgbẹ́ lè fi ọdún kan kún tiwọn. Gbèdéke sì wà lórí owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná sórí agbábọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ọmọ tuntun tó mọṣẹ́, ọjà ọ̀pọ̀ ni. Bí ẹ bá rí irú wọn mẹ́ta, owó á ṣẹ́kù láti fi ra àgbà tí ẹ kò lè tọ́ fúnra yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí 2010. Àmì 232 ló wọlé sí Steelers lára ní gbogbo sáà náà, kò sí ẹgbẹ́ tí tiẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Troy Polamalu, safety wọn (adìlémú tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá), ló gba ẹ̀yẹ adìlémú tó dára jù lọ. Wọ́n dé Super Bowl, àṣekágbá líìgì, Green Bay fi 31 sí 25 lé wọn sílé. Sáà tó tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Baltimore nà wọ́n 35 sí 7. Warren Sapp, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní wọ́n ti gbó, wọ́n ti falẹ̀, ó ti parí fún wọn. Ẹ ó rántí bí ìlú yín ṣe bínú tó. Nígbà tí sáà fi máa parí, àmì 227 péré ló wọlé sí wọn lára, àwọn náà ló tún ṣe ipò kìíní, gbogbo èèyàn sì fi Sapp ṣe yẹ̀yẹ́.

Sapp kò parọ́, ó kàn yára sọ ọ́ ni. Nọ́ńbà kan wà tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò wò. Ní 2010, ìgbà 35 ni Steelers já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́. Ní 2011, ìgbà 15.

Ibẹ̀ ni ọjọ́ orí ti kọ́kọ́ máa ń yọjú. Àgbà adìlémú mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ó ti rí eré yẹn tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, kò ní jẹ́ kí o gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó já bọ́ọ̀lù gbà, ìdajì ìṣísẹ̀ kan wà tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ fi kún ohun tí ojú ti rí. Mo ní fídíò kan tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ iléèwé gíga tí mo ń kọ́: September 2010, Polamalu fò kọjá lórí àwọn sìgìdì Tennessee ní ìṣẹ́jú àáyá tí bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀, ó ré bọ́ Kerry Collins, quarterback wọn (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), lórí kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá dé, ojú yẹn ò ní sọnù. Yóò rí i, yóò fò, ẹni tó fẹ́ dì mú á ti gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ń wo àmì tó wọlé nìkan kò ní rí ìyàtọ̀ kankan fún ọdún kan gbáko. Ọdún kan yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ máa ń fi ṣòfò.

Ẹ ka ọjọ́ orí wọn ní sáà 2011: James Farrior 36, Aaron Smith 35, Casey Hampton 34, James Harrison 33, Brett Keisel 33, Ryan Clark 32, Ike Taylor 31, Polamalu 30. Mẹ́jọ nínú mọ́kànlá! Kí ni ẹgbẹ́ ṣe? Wọ́n san ẹ̀san iṣẹ́ àná. Polamalu àti Taylor gba àdéhùn tuntun. LaMarr Woodley, tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, gba ọdún mẹ́fà lórí mílíọ̀nù 61.5 dọ́là, kò sì lò ju mẹ́ta nínú ọdún náà lọ. Láti rí àyè sábẹ́ gbèdéke owó, wọ́n ń ti sísan owó síwájú lọ́dọọdún, bí ẹni tó ń fi àjọ tuntun san gbèsè àjọ àtijọ́. Mi ò bá wọn jà lórí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí àwọn àgbà wọn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn ló jẹ owó tí wọn ì bá fi gba àkókò.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Mo mọ eré tó wà lọ́kàn rẹ̀, torí òun náà ló wà lọ́kàn gbogbo yín: ọjọ́ 8 January 2012, ní Denver. Eré wọ àfikún àkókò. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Tim Tebow, quarterback Denver, jù níbẹ̀, Demaryius Thomas gbà á ní àárín pápá, ó fi ọwọ́ ti Ike Taylor dànù, ó sáré wọlé, yáàdì 80. Eré parí, 29 sí 23. Gbogbo ayé ní cornerback ló pa Steelers.

Ẹ tún eré náà wò, kí ẹ má wo Taylor. Hampton àti Keisel ti farapa jáde tipẹ́. Méjì nínú mẹ́ta tó yẹ kó di àárín mú ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Denver ń fẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ kọjá. Bí mo ṣe rí i, ohun tó fa Polamalu súnmọ́ iwájú lọ ran àwọn sìgìdì lọ́wọ́ nìyẹn, safety kejì náà sì sún wá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ Tebow, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn Taylor. Òun àti Ọlọ́run ló kù. Omi tó ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ó lè jẹ́ etí òrùlé lọ́hùn-ún ló ti wọlé. Ẹni tó bá ń dí ọ̀gangan bẹ́ẹ̀dì nìkan á máa ríṣẹ́ ṣe títí ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ohun kan wà nínú eré yẹn tí àwa ọmọ Nàìjíríà nìkan ló máa yé dáadáa. Ryan Clark, safety wọn gangan, kò gbá eré náà rárá. AS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Denver ga lórí òkè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní 2007, àìsàn tó ti ibẹ̀ wá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á. Mike Tomlin, kóòṣì Steelers nígbà náà, ní kó jókòó sílé. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí àwọn òbí bá bi mí pé kí ni AS kan bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, Steelers tiẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ní 2011 wọ́n mú cornerback méjì, Curtis Brown ní ìpele kẹta, Cortez Allen ní ìkẹrin. Allen ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní àdéhùn ọdún márùn-ún ní 2014. Kí sáà yẹn tó parí, ó ti pàdánù ipò rẹ̀. Ní 2015, Senquez Golson ní ìpele kejì: ìpalára lórí ìpalára, kò gbá eré gidi kan ṣoṣo fún wọn. Ní 2016, Artie Burns, ìpele kìíní, nọ́ńbà 25. Nígbà tó tó àsìkò láti fi ọdún karùn-ún kún tiẹ̀, wọ́n ní rárá.

Ẹ wá fi èyí wé àwọn tó wà níwájú. Cameron Heyward, 2011, nọ́ńbà 31. Stephon Tuitt, 2014, nọ́ńbà 46. Javon Hargrave, 2016, nọ́ńbà 89. T.J. Watt, 2017, nọ́ńbà 30. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí wọ́n mú kí ogún ẹgbẹ́ tó kọjá. Nígbà tí 2019 fi dé, Steelers ló já bọ́ọ̀lù gbà jù ní gbogbo líìgì, ìgbà 38, àwọn náà ló sì gbé quarterback ṣánlẹ̀ jù, ìgbà 54. Ìyẹn ni ọdún mẹ́jọ yín: láti 35 sí 15, ó tó padà di 38.

Ta ló wà lẹ́yìn lọ́dún yẹn? Joe Haden, tí Cleveland lé, tí wọ́n gbà ní 2017. Steven Nelson, tí wọ́n fowó rà nígbà tí àdéhùn rẹ̀ pé níbòmíràn. Mike Hilton, tí ẹgbẹ́ kankan kò mú nínú draft rárá. Minkah Fitzpatrick, tí wọ́n fi ànfààní ìpele kìíní ti 2020 pààrọ̀ lọ́wọ́ Miami. Wọ́n tọ́ iwájú fúnra wọn, wọ́n lọ ra ẹ̀yìn lọ́jà. Mi ò rò pé wọ́n jókòó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀; lẹ́yìn tí ọwọ́ wọn jóná nídìí cornerback ni.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Ọkùnrin tó wọn 300 pọ́ùn tó sì tún lè sáré, ilé ayé kò kún fún wọn. Ẹgbẹ́ tó bá ní ọ̀kan kì í jẹ́ kó dé ọjà. Owó tó bá béèrè ni wọ́n á san. Cornerback tó mọṣẹ́ máa ń dé ọjà lọ́dọọdún. Sìgìdì tún máa ń pẹ́: Heyward yìí kan náà, ní 2024, lẹ́ni ọdún 35, wọ́n ṣì kà á mọ́ àwọn tó dára jù ní gbogbo líìgì. Ìgbà tí cornerback bá fi máa pé 31, inú fu àyà fu. Bí quarterback bá sì ní ìṣẹ́jú àáyá méjì péré dípò mẹ́rin, cornerback tí kò dára tó náà á dà bí ọ̀gá.

Ẹ má wá rò pé mo ní gbogbo ẹni tí wọ́n mú fún iwájú ló yọrí sí rere o. Jarvis Jones, 2013, nọ́ńbà 17. Ní yunifásítì Georgia, òun ló gbé quarterback ṣánlẹ̀ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n wọn eré sísá rẹ̀, ó lọ́ra. Wọ́n ní iye tó kó jọ ju ìwọ̀n lọ. Ọdún mẹ́rin ló lò, ìgbà mẹ́fà péré ló gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀. Ọmọ tó ń fi ọgbọ́n borí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn baálé ilé, ọgbọ́n yẹn nìkan kò tó mọ́. Ti Ryan Shazier, nọ́ńbà 15 ní 2014, yàtọ̀: ọmọ náà mọṣẹ́ ju ẹnu lọ, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló farapa ní Cincinnati ní December 2017. Kò sí ètò tó lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹgbẹ́ ní ẹlòmíràn ní ìpamọ́.

Wọ́n kò ní. Ihò náà wà níbẹ̀ fún ọdún kan, ó sì mú wọn ṣe ohun tí mo kórìíra jù nínú draft. Ní 2019, nọ́ńbà 20 ni tiwọn. Wọ́n kó o fún Denver pẹ̀lú ìpele kejì ọdún náà àti ìpele kẹta ti 2020, kí wọ́n lè gòkè dé nọ́ńbà 10 mú Devin Bush, linebacker (adìlémú tó ń dúró lẹ́yìn àwọn sìgìdì). Ẹni mẹ́ta fún ẹnì kan. Bush já iṣan orúnkún ní October 2020, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹgbẹ́ tó ń tún ilé kọ́ nílò búlọ́ọ̀kù púpọ̀. Kì í ṣe ìgbà yẹn ni wọ́n ń ta búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ra ilẹ̀kùn oníwúrà.

Ó yá o, Seattle. Ní 2009, eré 5 ni wọ́n jẹ nínú 16. Pete Carroll, kóòṣì, àti John Schneider, alákòóso tó ń yan agbábọ́ọ̀lù, dé ní 2010, wọ́n sì gbá ilé. Wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìfẹ́. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, bí èèyàn ṣe ń wọlé ni ẹlòmíràn ń jáde. Ìyàtọ̀ kìíní nìyẹn: ẹgbẹ́ yín ṣì ń jẹ eré, wọn ò lè wó ilé tí wọ́n ṣì ń gbé. Wọ́n mú Earl Thomas ní nọ́ńbà 14, Kam Chancellor ní 133. Lọ́dún kejì, K.J. Wright ní 99, Richard Sherman ní 154, Byron Maxwell ní 173. Lọ́dún kẹta, Bobby Wagner ní 47. Ọdún mẹ́rin tẹ̀ léra, láti 2012 sí 2015, àwọn ni àmì tó wọlé sí lára kéré jù. Ọjọ́ 2 February 2014, wọ́n fi 43 sí 8 na Denver tó jẹ́ pé kò sí ẹgbẹ́ tó tíì gbá àmì wọlé tó wọn rí nínú sáà kan.

Ẹ̀yìn ni wọ́n tọ́ nínú draft, ọjà ni wọ́n ti ra iwájú: Cliff Avril àti Michael Bennett, March 2013. Òdìkejì ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni. Àmọ́ owó tí wọ́n fi rà wọ́n, ibo ló ti wá? Sherman, tí ọ̀pọ̀ ti ń pè ní cornerback tó dára jù láyé, kò gba mílíọ̀nù kan dọ́là ní sáà yẹn, torí ìpele karùn-ún ni wọ́n ti mú un. Àre ọ̀rẹ́ yín ló wà níbẹ̀. Cornerback ṣeé mú. Ìpele kìíní ni kò yẹ kó máa ná sórí rẹ̀.

Ẹ lè ní ṣé Carroll ló mọ ẹ̀yìn kọ́ jù ni. Rárá. Tomlin náà, ẹ̀yìn ló ń kọ́ ní Tampa Bay kó tó di ọ̀gá. Dick LeBeau tó ń darí adìlémú Steelers títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2015, cornerback ni lọ́jọ́ ayé rẹ̀, ìgbà 62 ló já bọ́ọ̀lù gbà. Ohun tó yàtọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Adìlémú LeBeau dà bí odù: ẹni tó bá máa kì í gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti àgbà fún ọdún méjì, mẹ́ta. Heyward gan-an, ọdún kẹta ló tó di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ní Seattle, iṣẹ́ cornerback kò ju gbólóhùn kan lọ: gbé ọwọ́ lé àyà ọkùnrin iwájú rẹ kó tó gbéra, má sì jẹ́ kó gba òkè orí rẹ lọ. Iṣẹ́ yẹn nílò ọ̀pá ìdiwọ̀n ju ọpọlọ lọ. Ẹni tó ga, tí apá rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 32, ni wọ́n ń wá. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń wá ẹni tó yára jù, torí náà ẹni gíga tó lọ́ra díẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ dé ìpele karùn-ún. Sherman fúnra rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù akọlù ni ní Stanford kí wọ́n tó yí i padà.

Nítorí náà, bí mo bá jókòó sí àga wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí ti ń wọ̀ lára, màá kọ́kọ́ bi kóòṣì léèrè iṣẹ́ wo ló fẹ́ kí ipò kọ̀ọ̀kan ṣe, kó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ìpele kìíní àti ìkejì mi, iwájú ni, ọdún méjì tẹ̀ léra, àní bí àgbà tó wà níbẹ̀ bá ṣì ń ṣe dáadáa. Ẹ wo Alex Highsmith, 2020, nọ́ńbà 102. Bud Dupree ṣì wà níbẹ̀, agbára rẹ̀ pé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé quarterback ṣánlẹ̀ ní ìgbà 11 àtààbọ̀ ni. Dupree farapa ní December ọdún yẹn, ó sì lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ọmọ náà ti mọ ilé. Ní 2022, tiẹ̀ jẹ́ 14 àtààbọ̀. Ohun tó tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù ni pé nọ́ńbà 102 yẹn, gbà-má-bínú ni, tí líìgì fún wọn nítorí àgbà kan tó ti lọ. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ kí àgbà lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń ra á níta máa ń rí irú ẹ̀bùn yẹn gbà. Ẹni tó dì í mú títí tó fi di pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Láti ìpele kẹrin lọ, màá ṣíwọ́ wíwá sìgìdì, torí èyí tó lè sáré nínú wọn ti tán nígbà yẹn. Linebacker, safety, cornerback tí apá rẹ̀ gùn, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó wo Foyesade Oluokun. Orúkọ yẹn kò nílò ògbufọ̀ nílé yín. Yale ló ti wá, iléèwé tí àwọn èèyàn ti ń wá lọ́yà ju agbábọ́ọ̀lù lọ. Atlanta mú un ní 2018, ìpele kẹfà, nọ́ńbà 200. Ní 2021, kò sí ẹni tó dá èèyàn mọ́lẹ̀ tó o ní gbogbo líìgì, ìgbà 192. Ó lọ sí Jacksonville, ní 2022 ó tún ṣe ipò kìíní, ìgbà 184.

Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín níbi iṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé cornerback rẹ̀ wà ní ìpele karùn-ún, kó mú téèpù ìwọnṣọ dání.